Ìgbà wo ni ibi tí a gbé irin sí nínú pánẹ́ẹ̀lì máa ń tó gba páténtì?

Ìbéèrè tí ẹnjiníà kan fi ránṣẹ́ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Sákíìtì tó ń darí ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì nínú pánẹ́ẹ̀lì OLED (èyí tí píksẹ́lì rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀) ni iṣẹ́ mi. Sákíìtì oní-tiransísítọ̀ méje àti kapásítọ̀ kan tí gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ni a lò, ṣùgbọ́n a fa ẹ̀ka kan láti ara wáyà agbára, a sì tẹ́ ẹ bí asà sáàárín wáyà dátà àti irin kékeré tó so mọ́ géètì tiransísítọ̀ adarí. Òjìji tó máa ń yọ lójú àwòrán dín kù gan-an. A béèrè fún páténtì ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Lẹ́tà Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dé, olùyẹ̀wò páténtì ibẹ̀ kò sì gba ìkankan nínú ohun tí a béèrè. Ó ní ìwé kan ti fi ìtò bíi tiwa hàn láìsí asà, ìwé kejì sì fi irú asà bẹ́ẹ̀ hàn nínú pánẹ́ẹ̀lì LCD (èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn wá), àti pé àyípadà ipò lásán ni a ṣe. Kò sí ìkankan nínú ìwé méjèèjì tó ní gbogbo ohun tí a ṣe. Ṣé kò lóye iṣẹ́ wa ni? Ṣé kí a bá a jiyàn, kí a dín ohun tí a béèrè kù, tàbí kí a kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi ṣe àṣírí òwò?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe olùyẹ̀wò, títò sákíìtì nínú pánẹ́ẹ̀lì sì ni iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá sórí tábìlì mi jù, kí n tó bọ́ sí ìhà kejì, níbi tí mo ti ń bá àwọn ẹnjiníà kọ ìwé ìbéèrè tiwọn. Nítorí náà, mo mọ bó ṣe máa ń dun ẹni tó fi oṣù mẹ́fà wá ibi tó yẹ irin kan, tí wọ́n wá kọ̀wé sí i pé ohun tó ṣe kò ju kí ènìyàn gbé àga láti igun yàrá kan sí òmíràn lọ. Mo sì mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn ẹni tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. N kò rí ìwé ìbéèrè yín fúnra rẹ̀, n kò sì lè ṣèlérí ohun tí yóò ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ; ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi ibi tí ọwọ́ yín ti le hàn yín, àti ibi tí kò ti le.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹnjiníà lọ́nà kúrò nílẹ̀. Ẹ ní kò sí ìwé kan nínú méjèèjì tó ní gbogbo ohun tí ẹ ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò náà kò sọ pé ó wà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin ń wò. Èkíní ni bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun, ìyẹn ni pé kò sí ìwé kan ṣoṣo tàbí ọjà kan ṣoṣo tó ti fi gbogbo rẹ̀ hàn ṣáájú. Abala 102 nínú òfin páténtì Amẹ́ríkà ló sọ̀rọ̀ nípa èyí, abala 54 sì ni nínú Àdéhùn Páténtì Yúróòpù. Bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, ẹ ti yege níbẹ̀. Èkejì ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun, ṣé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa kò ní í dé ibẹ̀ láìlàágùn bó bá kó àwọn ohun tó ti wà nílẹ̀ jọ? Abala 103 ni èyí ní Amẹ́ríkà, abala 56 ní Yúróòpù. Ibí yìí ni wọ́n ti dá yín dúró, ibí yìí náà sì ni òfin ti gba olùyẹ̀wò láàyè láti kó ìwé méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin pọ̀. Bí ẹ bá dáhùn pé ìwé kìíní kò ní asà, pé ìwé kejì kì í ṣe ti OLED, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi yín ni ẹ dáhùn, ẹ ó sì ti fi àǹfààní èsì kan ṣòfò. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ KSR ní 2007, kò pọn dandan kí ìwé kankan sọ ní gbangba pé kí a pa èyí pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Ó tó kí olùyẹ̀wò fi ìdí tó mọ́gbọ́n dání hàn pé ohun tí a mọ̀ ni a lò fún iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́, tí àbájáde rẹ̀ kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ṣé kò lóye iṣẹ́ yín ni? Èrò tèmi ni pé ó lóye rẹ̀ dé ibi tí ìwé yín jẹ́ kí ó lóye rẹ̀ dé. Ẹ wo ohun tó dojú kọ. Láti 1962 tí Paul Weimer ti ṣe tiransísítọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní iléeṣẹ́ RCA, tí Peter Brody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Westinghouse sì fi irú rẹ̀ darí pánẹ́ẹ̀lì LCD ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ènìyàn kò dẹ́kun àtifi ìwé sílẹ̀ lórí bí a ṣe ń to irin, ohun ìdábòbò àti sílíkónì lé ara wọn. Àwòrán ìtò kì í sì í ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi wá a. Ẹni tó ń wá "asà" yóò pàdánù ìwé tó pe nǹkan kan náà ní "ẹ̀ka ìkejì wáyà agbára" tàbí "irin àfikún." Nítorí náà, ojú ni olùyẹ̀wò fi ń wá a: yóò ṣí abẹ́ àmì ìpínsọ́wọ̀ọ́ bíi H10K 59/131, níbi tí wọ́n ń kó wáyà inú pánẹ́ẹ̀lì OLED sí, tàbí G09G 3/3233, níbi tí wọ́n ń kó sákíìtì tó ń darí iná píksẹ́lì sí, yóò sì máa yẹ àwòrán wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. (Àwọn ìwé tó wà lábẹ́ H01L 27/32 tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí H10K 59 nígbà tí wọ́n dá ìpín H10K sílẹ̀ ní 2023, bí ẹ bá ń wá ìwé fúnra yín, ẹ má gbàgbé ìpín àtijọ́ yẹn.) Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, gbogbo àwòrán ti jọra lójú rẹ̀. Bí ìwé yín kò bá wá sọ fún un, ní ọ̀rọ̀, ìdí tí ẹ fi gbé irin náà síbẹ̀ tí kì í ṣe ibòmíràn, kò sí ohun tí yóò jẹ́ kó mọ̀ pé ipò yẹn yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ipò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ "àyípadà ipò lásán" tó lò kì í ṣe èébú o. Ó ní orísun. Ní 1950, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kan gbọ́ ẹjọ́ Japikse lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ alágbára kan, tí ibi tí bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nìkan ni ó fi yàtọ̀ sí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ kọ̀ láti fún un ní páténtì, nítorí pé gbígbé bọ́tìnnì náà sí ibòmíràn kò yí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn yín wà: kò yí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹjọ́ náà kò sọ pé ipò kò lè gba páténtì láéláé. Ohun tó sọ ni pé ipò tí kò yí iṣẹ́ padà kò tó nǹkan tí a ń gba páténtì lé lórí. Ohun tó wá kù fún yín láti fi hàn ni pé nínú pánẹ́ẹ̀lì, ipò gan-an ni iṣẹ́.

Èyí kò sì ṣòro láti fi hàn, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Àwòrán sákíìtì yín fi kapásítọ̀ kan ṣoṣo hàn, ṣùgbọ́n lórí gíláàsì, ibikíbi tí irin méjì bá ti sún mọ́ra ni kapásítọ̀ mìíràn ti bí ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti kọ dátà sínú píksẹ́lì kan tán, géètì tiransísítọ̀ adarí, ìyẹn ẹnu tó ń sọ iye iná tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá, máa ń dá dúró ni, kò so mọ́ orísun fóltéèjì kankan. Kapásítọ̀ ìtọ́jú, ìyẹn ẹyọ kan tó wà nínú àwòrán sákíìtì yín, nìkan ló dì í mú títí ìgbà tí a óò tún un kọ. Ṣùgbọ́n wáyà dátà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò sinmi, nítorí ó ń gbé fóltéèjì lọ fún àwọn ìlà yòókù. Ká ní kapásítọ̀ ìtọ́jú jẹ́ fẹ́mtòfárádì 50, kí èyí tó bí ara rẹ̀ láàárín wáyà dátà àti géètì jẹ́ ìdajì fẹ́mtòfárádì péré. Bí wáyà dátà bá fò sókè pẹ̀lú fóltì 3, yóò fa géètì lọ pẹ̀lú nǹkan bíi mílífóltì 30. Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí yóò ní kí ni mílífóltì 30 jámọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwòrán bá ti ṣókùnkùn, iná tó ń gba inú tiransísítọ̀ adarí kọjá máa ń yí padà lọ́nà tó pọ̀ ju ìyípadà géètì lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ojú ènìyàn sì máa ń tètè rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Òjìji tí ẹ ń sọ nìyẹn. Tí ẹ bá fi irin tí fóltéèjì rẹ̀ kì í fò sáàárín méjèèjì, ipa wáyà dátà yóò parí sára irin náà, kò ní í dé ọ̀dọ̀ géètì. Tí ẹ bá gbé irin kan náà síbòmíràn, kódà bí kò jìnnà, kò ní í ṣe iṣẹ́ yìí.

Síbẹ̀, n kò ní í tàn yín. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àlàyé yín dé, ó ṣeé ṣe kí olùyẹ̀wò borí yín. Ìwé kejì tó mú wá fi asà pa wáyà dátà mọ́ kúrò lọ́dọ̀ irin tó dá dúró nínú píksẹ́lì LCD. Ìṣòro yín àti ìṣòro wọn jọ ara wọn gidigidi, bí ẹ bá sì sọ pé LCD kì í ṣe OLED, yóò dáhùn pé àwọn ẹnjiníà kan náà ló ń ṣe méjèèjì, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ohun tó mú mi gbéra láti kọ ìdáhùn gígùn yìí ni ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú ìbéèrè yín tí ó dà bíi pé ẹ̀yin fúnra yín kò kà sí: ara wáyà agbára ni ẹ ti fa asà náà. Nínú sákíìtì oní-tiransísítọ̀ méje tí ẹ lò, wáyà agbára yẹn kan náà ni apá kejì kapásítọ̀ ìtọ́jú so mọ́, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni iná ti ń wọ tiransísítọ̀ adarí. Ìyàtọ̀ fóltéèjì láàárín géètì àti ẹnu ibi tí iná ń gbà wọlé ni ó ń sọ iye iná tí yóò kọjá. Bí fóltéèjì wáyà agbára bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti kọ dátà tán, ó yẹ kí géètì bá a lọ sílẹ̀, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má bàa yí padà. Asà tó so mọ́ wáyà agbára ń ran géètì lọ́wọ́ láti bá a lọ, ó sì ń kún kapásítọ̀ ìtọ́jú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ kan náà tó ń lé ipa wáyà dátà sẹ́yìn. Asà tó so mọ́ fóltéèjì mìíràn tí kò yí padà, bíi fóltéèjì tí a fi ń tún píksẹ́lì bẹ̀rẹ̀, yóò lé ipa wáyà dátà sẹ́yìn bákan náà, ṣùgbọ́n yóò máa di géètì mú nígbà tó yẹ kó máa lọ. Píksẹ́lì LCD kò ní tiransísítọ̀ tó ń darí iná báyìí rárá, nítorí náà kò sí ohun tí ìwé kejì lè kọ́ ẹnikẹ́ni nípa ibi tó yẹ kí a so asà mọ́ fún irú ìdí yìí. Èyí ni mo fi ń ronú pé ọ̀ràn yín ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró.

Yóò dúró kìkì bí ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní bá gbé e. Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà gbà pé nígbà tí àwòrán ìtò ti wà nínú ìwé, gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ti di tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ tó wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó jẹ́ tiyín nìkan, ni olùyẹ̀wò ń yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi kọ gbólóhùn ẹ̀tọ́. Àwòrán páténtì kì í sábà tẹ̀lé òṣùwọ̀n. Ní 2000, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí páténtì ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Hockerson-Halberstadt pé a kò lè fi rúlà wọn àwòrán kí a sì máa fi ìwọ̀n rẹ̀ jiyàn nígbà tí ìwé kò bá sọ pé ó tẹ̀lé òṣùwọ̀n. Mo rántí ìwé ìbéèrè kan tí mo yẹ̀ wò. Àwòrán rẹ̀ lé ní ogójì, wọ́n mọ́ rekete, inú ọ̀kan nínú wọn ni irin kan ti ṣẹ́ kọ́rọ́ yí ihò ìsopọ̀ kan ká. Nígbà tí a sọ̀rọ̀, olùhùmọ̀ náà ṣàlàyé fún mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún pé ibi tó ṣẹ́ kọ́rọ́ yẹn tín-ín-rín ju fífẹ̀ géètì lọ, àti pé nítorí rẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì wọn kì í fi í gbóná lójú kan. Ìhùmọ̀ gidi ni, mo rí i bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi í sínú gbólóhùn ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà tó fi fífẹ̀ méjèèjì wé ara wọn, àwòrán náà kò sì tẹ̀lé òṣùwọ̀n. N kò lè gbà á. Mo ṣì máa ń rántí ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ padà sínú àlàyé yín, kí ẹ wá ohun méjì. Ẹ wò ó bóyá ẹ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ pé ara wáyà agbára ni asà náà ti jáde àti pé ó bo irin géètì mọ́lẹ̀, yálà lápá kan tàbí pátápátá, bí ènìyàn bá wò ó láti òkè. Ẹ sì wò ó bóyá ẹ sọ ìdí rẹ̀. Bí ipò náà bá wà ní ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìdí kò sí, Amẹ́ríkà ṣì gbà kí ẹ mú ìwé ìbúra ẹnjiníà wá, pẹ̀lú àbájáde ìdánwò tó fi pánẹ́ẹ̀lì tó ní asà yín wé èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ìwé olùyẹ̀wò. Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ gbòòrò tó ohun tí ẹ ń béèrè: ẹ kò lè dán ìtò kan ṣoṣo wò kí ẹ wá gba ẹ̀tọ́ lórí gbogbo asà tó wà láyé. Yúróòpù le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 123 ìpínrọ̀ kejì kò gbà kí ẹ fi ohunkóhun kún ìwé tí kò hàn tààrà nínú èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ yọ ẹyọ kan nínú ìtò tí gbogbo rẹ̀ so kọ́ra kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ní ti ẹ̀rí ìdánwò tó dé lẹ́yìn, ìpinnu G 2/21 tí Ìgbìmọ̀ Àgbà wọn ṣe ní 2023 gbà á láàyè, bí àǹfààní tí ẹ ń tọ́ka sí bá jẹ́ ohun tí ọ̀jáfáfá (ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa) lè rí fà yọ nínú ẹ̀kọ́ tí ìwé àkọ́kọ́ kọ́ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ronú níbẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí wọn kì í béèrè bóyá ọ̀jáfáfá lè so asà mọ́ wáyà agbára. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá yóò so ó mọ́ ọn, àti kí ni yóò sún un ṣe bẹ́ẹ̀.

Nípa bóyá kí ẹ jiyàn tàbí kí ẹ dín ohun tí ẹ béèrè kù, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bá olùyẹ̀wò náà sọ̀rọ̀. Amẹ́ríkà fi àyè sílẹ̀ fún ìjíròrò lórí fóònù tàbí fídíò, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n níbẹ̀ sì máa ń sàn ju ojú ìwé ogún lọ, pàápàá bí ẹnjiníà fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀ láti fi ìka tọ́ ọ̀nà tí iná ń gbà. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ tí èmi yóò gbé lọ ni èyí tó sọ pé asà náà so mọ́ wáyà agbára, pé ó wà láàárín wáyà dátà àti irin géètì, àti pé wáyà agbára kan náà ni apá kejì kapásítọ̀ ìtọ́jú so mọ́. Èmi kò ní í kọ orúkọ ìpele irin tí asà náà wà sínú rẹ̀ àyàfi bí ó bá di dandan. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni pé àwọn kan máa ń fi àlàyé kún gbólóhùn ẹ̀tọ́ títí olùyẹ̀wò yóò fi rẹ̀, wọn a sì gba páténtì tó fi jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá gbé irin kan sókè ní ìpele kan péré, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Irú páténtì bẹ́ẹ̀ dára lára ògiri, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró.

Àṣírí òwò kò yẹ iṣẹ́ yín rárá. Lọ́jọ́ tí pánẹ́ẹ̀lì yín bá dé ọjà ni ẹnikẹ́ni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ lè ṣí i ní ìpele-ìpele, kí ó ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ maikirosikópù, kí ó sì rí ìtò yín kedere. Ohun kan náà yìí ló sọ páténtì ìtò di ohun iyebíye, nítorí ọ̀nà kan náà ni ẹ̀yin yóò gbà mọ ẹni tó ṣe ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀tọ́ kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ìtò sákíìtì alápapọ̀. Òfin Amẹ́ríkà lórí rẹ̀ jáde ní 1984, ìlànà Yúróòpù ní 1986, ọdún 10 sì ni ó ń pẹ́. Ẹ má gbójú lé e jù. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà nìkan ni ó ń mú, kò mú ẹni tó fi ọgbọ́n tirẹ̀ dé ibi kan náà, ó sì fàyè gba kí ènìyàn ṣí ọjà yín wò láti kẹ́kọ̀ọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa ìpele tí a tẹ́ sórí ègé sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀, bẹ́ẹ̀ orí gíláàsì tàbí ike ni a tẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tiyín sí. Ọ̀rọ̀ Yúróòpù gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ara ohun tó ní ìpele sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ nínú ni ó béèrè fún. Iyàn pọ̀ nínú ìyẹn, èmi kò sì ní í fi ìhùmọ̀ yín sábẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni Amẹ́ríkà sábà máa ń fúnni láti dáhùn irú lẹ́tà yìí. Ẹ lè fowó sún un siwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí ẹ bá rí àǹfààní mìíràn nínú ìtò náà tí ìwé àkọ́kọ́ sọ ṣùgbọ́n tí gbólóhùn ẹ̀tọ́ kò béèrè, ẹ fi ìwé ìbéèrè àtẹ̀lé sílẹ̀ kí èyí tó wà nílẹ̀ tó di páténtì tàbí kí ẹ tó pa á tì, nítorí ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí mọ́ lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí nínú àlàyé yín nípa wáyà agbára han agbẹjọ́rò páténtì yín kí ó tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, nítorí olùyẹ̀wò Yúróòpù lè ka èsì náà. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nípa rẹ̀, ẹ gba èyí tó bá ṣeé gbà lórí ìtò yìí, kí ẹ sì kọ ìdí gbogbo irin sílẹ̀ nínú ìwé ìbéèrè tó kàn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé pánẹ́ẹ̀lì tuntun náà lọ síbi ìpàtẹ; Amẹ́ríkà máa ń fi oṣù 12 jin ẹni tó bá fi iṣẹ́ ara rẹ̀ hàn ṣáájú, Yúróòpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.